Ìwé Àwòrán: Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Sọ Tirẹ̀

Lẹ́tà tí ẹ kọ lórí ọ̀rọ̀ sísọ àwọn ọmọ kéékèèké pọ̀ lóṣù yìí, inú mi sì dùn sí i. Mo mú díẹ̀ nínú wọn. Èyí tó wá láti Ọbáńtókò ni mo fara balẹ̀ dáhùn jù lọ, torí pé ohun tó ń dun ìyá náà ló ń dun ọ̀pọ̀ ilé ní Abẹ́òkúta yìí.

ÌBÉÈRÈ

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ọmọkùnrin mi ti lé ní ọdún méjì pẹ̀lú oṣù mẹ́rin. Ó ń pe 'mọ́mì', ó ń pe 'omi', ó ń sọ pé 'gbà' àti àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ míì, àmọ́ kì í so wọ́n pọ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ní kí n máa ka ìwé àwòrán fún un. Mo ra ọ̀kan ní Kútò, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Bí mo bá ti ń kà á, á ṣí i títí dé ẹ̀yìn, á pa á dé, á sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Bàbá rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ni ká máa bá a sọ kó má baà rẹ̀yìn nílé ìwé. Ìyá ọkọ mi tó ń bá wa gbé kò sì gbọ́ nǹkan míì yàtọ̀ sí Ẹ̀gbá. Kí ni kí n ṣe?"
Ìyá ọlọ́mọkùnrin, Ọbáńtókò

ÌDÁHÙN

Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ẹrù Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ lórí ìwé yẹn. Ọmọ yín kò mọ ohun tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ àwòrán, kò sì wá a. Tí ajá bá ń sáré nínú ìwé, ajá tó ń sáré ló rí. Ẹ fi àwọn lẹ́tà yẹn sílẹ̀, kí ẹ wo àwòrán, kí ẹ fi Yorùbá tí ẹ fi ń ná ọjà ní Kútò sọ ohun tó wà níbẹ̀. Tí ojú ewé kan bá ní nǹkan tí ọmọ kò rí rí, bíi yìnyín tó bo orí ilé, ẹ ṣí i kọjá. Ẹ ó padà síbẹ̀ tó bá dàgbà díẹ̀ sí i.

Ó ń pa ìwé dé torí pé kò rí nǹkan ṣe níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ̀rọ̀, òun ló ń gbọ́, ọmọ ọdún méjì kì í sì í pẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹnu sí. Mo kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Ìbarà fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ pé ọmọ tí a ń kàwé fún láìdánu dúró kì í rí ọ̀rọ̀ mú níbẹ̀ tó ọmọ tí a fún láyè láti dá sí i. Ohun tí ìwé àwòrán wà fún ni pé kí ẹ̀yin méjèèjì jọ máa wo ohun kan náà, kí ọmọ lè ní ohun tí yóò sọ̀rọ̀ lé lórí.

Àwọn onímọ̀ ti dán an wò. Ní 1988, ní New York, Grover Whitehurst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn òbí kan jọ tí ọmọ wọn wà láàárín oṣù 21 sí oṣù 35. Gbogbo wọn ló ń ka ìwé àwòrán fún ọmọ wọn nílé. Wọ́n kọ́ apá kan nínú wọn bí wọn yóò ṣe máa bi ọmọ léèrè ọ̀rọ̀, bí wọn yóò ṣe máa gba ohun tó bá sọ kí wọ́n sì fi díẹ̀ kún un, bí wọn yóò ṣe máa yìn ín. Apá kejì ń kà á bí wọ́n ṣe ń kà á tẹ́lẹ̀. Oṣù 1 péré ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọmọ wò, àwọn tí òbí wọn ń bá fọ̀rọ̀ wérọ̀ fi nǹkan bí oṣù 6 ṣíwájú àwọn yòókù nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀, wọ́n sì fi nǹkan bí oṣù 8 àbọ̀ ṣíwájú nínú bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀. Wọn kò ka ìwé ju àwọn ẹgbẹ́ kejì lọ o. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló yàtọ̀.

Ẹ wo bí yóò ṣe rí nílé yín. Ká ní obìnrin kan ń dín àkàrà nínú àwòrán, ewúrẹ́ sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ gbé ọmọ jókòó níbi tí á ti lè rí ìwé, tí á sì lè rí ẹnu yín. Ẹ bi í pé, "Kí ni ìyá yìí ń ṣe?" Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún nínú yín. Ibi yìí gan-an ló le jù fún wa, torí pé bí ọmọ kò bá tètè dáhùn, ẹnu wa á ti yá láti bá a dáhùn. Ẹ má bá a dáhùn. Ó ń wá ọ̀rọ̀ náà ni. Ó lè fi ìka kan àwòrán kó ní, "Àkàyà." Ẹ̀yin á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni! Àkàrà ni. Ìyá ń dín àkàrà." Ẹ tún dákẹ́. Ó lè ní, "Òná." Ẹ̀yin: "Ó gbóná o! Àkàrà gbóná. Epo ń hó, ṣàà!" Tó bá wá fọwọ́ kan ewúrẹ́ tó ní "mẹ̀ẹ́ẹ̀", ẹ tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ ewúrẹ́. Ẹ fi ìyá alákàrà sílẹ̀ níbẹ̀. "Ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́ fẹ́ jí àkàrà jẹ!"

Ẹ rí i pé a kò sọ pé "àkàyà kọ́, sọ àkàrà." Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín bó ṣe yẹ kó jẹ́, ìyẹn tó. Ọmọ tí wọ́n bá ń ká ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu á panu mọ́. Ẹ sì rí i pé bó bá sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀yin á dá a padà ní méjì tàbí mẹ́ta, ẹ kò ní dà á lé e lórí ní ogún. Ọmọ tó ń sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, gbólóhùn kékeré ló lè gbà mú.

Nǹkan míì wà tí mo ń rí lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ òbí. Wọn á ṣí ìwé, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka: "Kí lèyí? Kí lèyí? Èyí ńkọ́?" Ìdánwò nìyẹn, kì í ṣe eré. Orúkọ nǹkan dára, àmọ́ ọmọ tó mọ orúkọ ogún nǹkan láìmọ ohun tí wọ́n ń ṣe kò tíì ní ohun tí á fi so ọ̀rọ̀ pọ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni kí ẹ máa sọ. Èdè wa sì ní in lọ́pọ̀lọpọ̀: à ń gún iyán, à ń ro ọkà, à ń lọ ata, à ń yan àgbàdo, à ń se ẹ̀wà, à ń dín dòdò. Inú ilé ìdáná kan ṣoṣo nìyẹn. Tí ọmọ bá ti gbọ́ "ìyá ń lọ ata" lórí àwòrán, tó tún gbọ́ ọ nígbà tí ìyá àgbà rẹ̀ bá wà nídìí ọlọ, kò ní pẹ́ tí á fi ní "ata lọ" tàbí "màmá lọ". Ẹ má bìnú pé ó dojú rú. Ọ̀rọ̀ méjì ló so pọ̀ yẹn.

Ẹ má sì fojú kéré àwọn ọ̀rọ̀ tó ń dún. Òjò ń rọ̀ wàà. Igbá já bọ́, gbàà! Àkùkọ kọ kekeréèkéè. Ọmọ bọ́ sómi, jàbú! Ọmọ tí kò tíì lè pe "àkùkọ" á ti lè kọ bí àkùkọ, ohùn tirẹ̀ nìyẹn nínú ìtàn náà. Ní kíláàsì mi, ẹnu ọmọ tó dákẹ́ jù máa ń kọ́kọ́ là níbi tí nǹkan bá ti já bọ́ nínú àwòrán.

Bí ẹ bá ti pa ìwé dé, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà jáde. Lọ́jọ́ kejì tí ẹ bá kọjá níwájú ìyá alákàrà ní Pánṣẹ́kẹ́, ẹ dúró díẹ̀. "Kí ni ìyá yẹn ń ṣe?" Ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́ tó fún ìwé fúnra rẹ̀, tó bá sì jẹ́ ojú ewé méjì péré lẹ ṣí nínú ìṣẹ́jú náà, kò burú rárá.

Ó ku ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ bá mi kí bàbá ọmọ, kí ẹ sì sọ fún un pé ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì náà, ká má tíì sọ nínú àwọn iṣẹ́ tó kù. Ọmọ tó bá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú èdè kan ń gbé òye yẹn lọ sínú èdè kejì. Gbígbọ́ èdè méjì kì í sì í sọ ọmọ di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Tí Gẹ̀ẹ́sì bá yọ̀ mọ́ bàbá rẹ̀ lẹ́nu, kó máa fi bá a wo àwòrán tirẹ̀. Àmọ́ kí ẹ̀yin àti ìyá ọkọ yín má fi èyí tí ẹ ní lọ́pọ̀ sílẹ̀ torí èyí tí ẹ ní díẹ̀. Ẹ̀gbá tí ìyá àgbà ń sọ wúlò fún ọmọ yẹn gan-an ni. Ẹ gbé ìwé náà fún un.

Nǹkan kan ṣì kù tí mi ò gbọdọ̀ fi pa mọ́ fún yín. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ tí wọ́n bá ti pé ọdún méjì, "omi tán", "bàbá wá", bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ yín ti kọjá ibẹ̀ díẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé lónìí, kí ẹ sì mú un lọ fún àyẹ̀wò etí pẹ̀lú. Ẹ wo ìdáhùn mi sí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn.

ÌBÉÈRÈ

"Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún mẹ́ta. Ìwé kan ṣoṣo ló ń gbé wá bá mi lálaalẹ́. Mo ti ra òmíràn, kò wò ó. Ṣé kì í ṣe pé kò fẹ́ mọ nǹkan tuntun?"
Bàbá ọmọ, Àsẹ́rò

ÌDÁHÙN

Ó fẹ́, bàbá ọmọ. Ohun tuntun ló ń wá nínú ìwé àtijọ́ yẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó mọ ẹni tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní báyìí, ó fẹ́ mọ̀ bóun náà bá lè sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó gbà á lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ń sọ ọ́, ẹ fi ìparí gbólóhùn sílẹ̀: "Ìjàpá wá yọ́ wọ inú..." kí ẹ máa wò ó lójú. Òun á ní "igbó!" Bó ṣe ń pẹ́, ẹ fi èyí tó pọ̀ sí i sílẹ̀ títí á fi máa sọ gbogbo ojú ewé. Ọmọ ọdún mẹ́ta sì ti tó ẹni tí à ń bi pé "Kí ló dé tó fi ń sunkún?" àti "Kí lo rò pé á ṣẹlẹ̀?" Èsì tó bá fún yín lè yàtọ̀ sí tàná. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

"Ọmọ mi jẹ́ ọmọ ọdún kan àbọ̀. Ó ń wo kàtúùnù lórí fóònù, ó sì ń kọ orin inú rẹ̀. Ṣé fóònù yẹn kò ti ń ṣe iṣẹ́ ìwé àwòrán?"
Ìyá ọmọ, Láfẹ́nwá

ÌDÁHÙN

Rárá o. Kàtúùnù kì í dúró de ọmọ. Bí ọmọ dáhùn, bí kò dáhùn, ó ń lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní 2019 pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kò nílò láti jókòó ti irú àwòrán bẹ́ẹ̀ rárá, àti pé láti ọdún 2 sí 4, kó má ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́, bó bá sì dín sí i, ó sàn jù. Àmọ́ fóònù yẹn kan náà ní fọ́tò nínú. Ẹ ṣí fọ́tò ọjọ́ ìkómọ, ẹ gbé ọmọ sẹ́sẹ̀, kí ẹ jọ wò ó: "Ta nìyí? Bàbá ń jó!" Ìyẹn ti di ìwé àwòrán.

ÌBÉÈRÈ

"Mo ń ta àdìrẹ ní Ìtokú. Ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé, èmi ni mo ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ọ̀kan ọdún mẹ́rin, ọ̀kan ọdún méjì. Ó ra ìwé aláwòrán sílẹ̀ fún wọn, ó ní kí n máa kà á fún wọn. Mi ò kàwé. Ojú ń tì mí láti ṣí i níwájú àwọn ọmọ." (Aládùúgbò kan ló bá wọn kọ lẹ́tà yìí.)
Ìyá àgbà, Ìtokú

ÌDÁHÙN

Ìyá mi, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ ṣeun tí ẹ fi èyí ránṣẹ́, ó wọ̀ mí lára. Kí ojú má tì yín rárá. Iṣẹ́ tí mo fi ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ṣàlàyé fún ìyá Ọbáńtókò lókè yìí, ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí ẹ bá ní "Ààlọ́ o!" tí àwọn ọmọ ní "Ààlọ̀!", ta ló ń dákẹ́ níbẹ̀? Nígbà tí ẹ bá dá orin ìjàpá tí wọ́n ń gbè é, ẹnu wọn wà nínú ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí ẹ ṣe máa ṣe ìwé náà nìyẹn. Ẹ ṣí i síbi tó bá wù yín. Ẹ wo ẹranko tó wà níbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ ní ìjàpá, ẹ sọ ọ́ ní ehoro, kí ẹ pa àlọ́ tiyín sórí àwòrán náà, kí ẹ fún wọn lórin tí wọn á máa gbè. Tí ìyá wọn bá dé tó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́, kó ka tirẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ Sátidé. Ìtàn méjì lórí àwòrán kan, ọrọ̀ ni fún ọmọ.

Ẹ sì ní ìwé míì níwájú ṣọ́ọ̀bù yín. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi láfún àti ìyẹ́ adìẹ yà, ṣé kì í ṣe àwòrán ló kún ara rẹ̀? Ẹyẹ wà níbẹ̀, ẹja wà níbẹ̀. Bí ọjà bá dá, ẹ tẹ́ ọ̀kan sí itan: "Ẹyẹ dà? Ẹyẹ mélòó ló wà níbí? Èwo ló ń fò, èwo ló bà?" Ẹni ọdún mẹ́rin á kà á. Ẹni ọdún méjì á fi ìka hàn yín. Àmọ́ ẹ kíyè sí ẹ̀gbọ́n o, torí á máa gba ìdáhùn lẹ́nu àbúrò. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, àbúrò á wá sọ ara rẹ̀ di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ nítorí ẹ̀gbọ́n ti ń bá a sọ ọ́. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n pé, "Tàbúrò ló kàn," kí ẹ sì dúró de àbúrò bó ti wù kó pẹ́ tó.

Tí ẹ bá fẹ́, kí ẹ jọ ṣe ìwé tiyín. Ìwé ilé ìwé tí wọn kò tíì kọ nǹkan sí kan tó. Ẹ gé àwòrán lára àlùmánáàkì ọdún tó kọjá, lára páálí bísíkíìtì, lára ìwé ìpolówó tí wọ́n ń pín káàkiri Sápọ́n nígbà ìbò. Ẹ fi fọ́tò ìyá wọn sí ojú ewé kan, fọ́tò ẹ̀yin náà sí òmíràn, kí ẹ fi láfún tí ẹ rò lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ inú ìwé. Àwọn ọmọ ni kó máa sọ ibi tí wọ́n fẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ọmọ ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀, mi ò tíì rí èyí tí kì í kọ́kọ́ ṣí ojú ewé tí ìyá rẹ̀ wà.

ÌBÉÈRÈ

"Ọmọbìnrin mi ti lé ní ọdún mẹ́ta, kò sọ̀rọ̀ kankan. Tí mo bá pè é láti ẹ̀yìn, kì í dáhùn àfi tí mo bá fọwọ́ kàn án. Ojú àti ara rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú nígbà tí mo bí i, ó pẹ́ nílé ìwòsàn. Àwọn ẹbí ní kí n mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń gé abẹ́ ahọ́n. Àwọn kan ní kí n máa dúró, pé bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ṣé ìwé àwòrán lè ràn án lọ́wọ́?"
Ìyá ọmọ, Ìtokò

ÌDÁHÙN

Ìyá ọmọ, ẹ fi ìwé sílẹ̀ ná, etí ni ká kọ́kọ́ wá lọ. Ẹ má dúró mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ kan ahọ́n ọmọ yẹn. Abẹ́ ahọ́n tó so mọ́lẹ̀ lè mú kí ọ̀rọ̀ kan wọ́ lẹ́nu ọmọ, kì í ṣe òun ló ń sọ pé kí ọmọ ọdún mẹ́ta má sọ nǹkan kan, kó má sì yíjú sí ẹni tó pè é. Ẹ̀jẹ̀ lè dà, egbò lè kẹ̀, ọ̀rọ̀ kò sì ní torí ẹ̀ jáde.

Ara tó pọ́n gan-an lẹ́yìn ìbí, ìyẹn ibà pọ́njú ọmọ tuntun, máa ń ba etí ọmọ mìíràn jẹ́. Àrùn yírùnyírùn lè ṣe bẹ́ẹ̀, èéyi lè ṣe é, etí tó ń ṣọyún lọ́pọ̀ ìgbà náà lè ṣe é. Ọmọ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kò ní rí ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, FMC, ní Ìdí-Àbà, kí ẹ béèrè dókítà etí, imú àti ọ̀fun, kí ẹ sì sọ ọ́ ketekete pé àyẹ̀wò ìgbọ́ràn lẹ fẹ́ fún ọmọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ tẹ̀ síwájú, ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn kò jìnnà. Ṣíbí tí ẹ bá jù sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nílé kò tó àyẹ̀wò, torí ọmọ lè gbọ́ ariwo ṣíbí kó má gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn. Tí etí bá dá ṣáká, ẹ má padà sílé láìbéèrè ohun míì tó lè fà á. Ẹ sọ fún dókítà bó bá ń fi ìka hàn yín ohun tó wù ú, tàbí kì í ṣe é, bó bá ń wo ojú yín, tàbí kò wò ó.

Ìwé wúlò ní gbogbo àsìkò yìí o. Ẹ jókòó níwájú rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti wà lójú yín. Ẹ fi ìka kan àwòrán, ẹ fi ọwọ́ ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, jíjẹ, sísùn, fífò, kí ẹ tún fi ẹnu sọ ọ́. Tó bá fọwọ́ dá yín lóhùn, ìdáhùn ni, ẹ gbà á. Fífi ọwọ́ sọ̀rọ̀ kì í dí ọmọ lọ́wọ́ láti fi ẹnu sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ sí Ìdí-Àbà, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ dání, àti ìwé ibi tí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ pọ́n. Ẹ kọ orúkọ oògùn tí wọ́n fún un nígbà náà sílẹ̀ bí ẹ bá rántí, àti bí ẹnì kan bá wà nínú ìdílé tí kò gbọ́rọ̀ láti kékeré. Wọn á béèrè gbogbo rẹ̀.